Ta Ní Ní Kí O Pààrọ̀ Páìpù Ìbọn Mi?

Má sọ pé kí n jókòó, Truett! Mi ò jókòó! Ta ní ní kí o pààrọ̀ páìpù ìbọn mi? Ta ló bẹ̀ ọ́ níṣẹ́?

Ìbọn tí mo ti ń gbé láti ìgbà tí a ti ra oko, tí kò já mi kulẹ̀ rí! Ó ń ta mí léjìká, òótọ́ ni, mo sì ń ráhùn. Ṣé ẹni tó bá ráhùn ti ní kí o bá òun tú ìbọn òun nìyẹn? O mú egungun tòlótòló lórí tábìlì lọ́jọ́ Ìdúpẹ́, o ń nà án sí wa lójú: “Sìsí mi, kabáìnì ni tìrẹ yìí, páìpù èéfín inú rẹ̀ kúrú, ẹ̀bá ibi tí ọta ti ń bú gan-an ló ti ń gba èéfín, ìdí nìyẹn tó fi ń ta bí ẹṣin. Jẹ́ n fi páìpù agbedeméjì sí i. Páìpù rẹ̀ gùn díẹ̀, èéfín á ti rọ̀ kó tó ti irin inú ìbọn sẹ́yìn. Èjìká rẹ á sinmi, ìbọn náà ò sì ní tètè gbó.”

Mo ní mo gbọ́. Mo gbọ́ ni mo wí o, mi ò ní kí o ṣe é! O wá dúró kí èmi àti Royce ọkọ mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, o sì pààrọ̀ rẹ̀!

Dákẹ́, jẹ́ n sọ ọ́ tán. Ìrì ti dì sórí koríko láàárọ̀ yìí, àwọn ìmàdò ti tú àlìkámà wa bí ẹni pé katakata ló kọjá níbẹ̀. Royce ló ṣáájú, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún ní ìbàdí, tó ń fi ọ̀pá rìn! Akọ kan já jáde nínú igbó ẹ̀gún, ó tóbi tó fìríìjì rẹ yẹn. Mo yìnbọn, ó bà á. Ó yí padà, Royce ló dojú kọ. Mo tún fà á, kò dún. Kò dún, Truett! Kóròfo ọta àkọ́kọ́ há sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn, níbi tó yẹ kó ti fò jáde, ó dúró ṣánṣán bí eyín!

Yéè! Ṣé o ti rí ojú ẹranko tó ń lọ pa ọkọ ẹni rí? Èékánná ni mo fi wa kóròfo yẹn, wo ìka mi, wo ẹ̀jẹ̀. Mo fa irin sẹ́yìn, ọwọ́ yọ̀. Ìmàdò náà gbé Royce sókè! Mo rí bàtà rẹ̀ lókè, mo fi ibojì màmá wa búra! Ìgbà tó yí padà láti tún wá ni mo tó rí i yìn. Ó ṣubú lé Royce lẹ́sẹ̀, kò sẹ́ni tó mira nínú àwọn méjèèjì.

Dókítà ní á yè. Wọ́n ti rán itan rẹ̀.

Kí lo wí? Ọta kẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni, ọta ẹ̀dínwó ni, Royce ló rà á, kò lágbára, èéfín rẹ̀ ò tó láti ti irin sẹ́yìn, òtútù sì mú. Agbedeméjì dára, àfi ká máa fún un ní ọta tó le, àbí? Ìgbà wo lo sọ fún mi? Kabáìnì mi kì í ṣa oúnjẹ jẹ! O pààrọ̀ ikùn rẹ̀, o ò sì sọ fún ẹni tó ń fún un lóúnjẹ!

Má wolẹ̀, ojú mi ni kí o wò. Ìbọn tìrẹ tó wà lára ògiri yẹn, páìpù wo ló ní? Dáhùn!

Kabáìnì? Kabáìnì! Háà, Truett! Olúwa ò, ẹ̀rín á pa mí!

Ó dáa. Sọ ọ́ kalẹ̀. Ki ọta sí i, kí o máa lọ níwájú mi títí dé ibi ọkọ̀ mi. Ẹ̀bá igbó ni mo gbé e sí, nígbà tí mo sì ń bọ̀, nǹkan kan ń mi koríko. Mi ò lè dá ibẹ̀ kọjá. Má rẹ́rìn-ín. Jọ̀ọ́, àbúrò mi, máa lọ níwájú.