Yàrá Ìyá Ọmọ ní Gáréèjì

Gáréèjì Atakpamé la wà, tí à ń dúró kí mọ́tò Notsé kún, nígbà tí ọmọ ọwọ́ kan yàgbẹ́ sí ìyá rẹ̀ lẹ́yìn. Ìyá ọmọ náà yíjú sí ìyá àgbà aláṣọ tó jókòó tì í.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ẹrù mi. Mo fẹ́ lọ wẹ ọmọ nínú yàrá tuntun yẹn."

"Ta ló kọ́ yàrá ọ̀hún?"

"Mi ò mọ̀ o. Wọ́n ní àwa ìyá ọmọ ló wà fún, wọn kì í gbowó."

"Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Orí àpò ìrẹsì la ti ń fọ́mọ lọ́mú níbí láti ọjọ́ yìí. Ta ló wá rántí wa lójijì? Àbí ìbò ti dé ni? Dúró, jẹ́ kí n kọ́kọ́ wò ó."

Ìyá àgbà ṣílẹ̀kùn yàrá náà gbayawu, ó yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò, ó fọwọ́ gbá ògiri. Ó wá jókòó lórí àpótí kékeré tó wà níbẹ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ gbé ọmọ lé e wẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kan ògiri. Ihò tí omi ń gbà jáde sì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ gẹ́lẹ́.



"Ẹni tó kọ́ ibí yìí ti wẹ ọmọ rí." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń fẹ̀sùn kan èèyàn.

"Ṣé kí n wọlé, Ìyá?"

"Wọlé. Ṣùgbọ́n má tilẹ̀kùn o. Ẹ̀yìn mi ni màá fi dí ẹnu ọ̀nà."