Aṣọ Tí Ìyá Tíṣà Fọwọ́ Nù

Nígbà tí irun ṣì pé lórí mi, tí mo ṣì ń lọ sí poli, tí mo rò pé mo gbọ́n ju gbogbo ará Abẹ́òkúta lọ... ẹ jókòó ná. Ẹni tó fi aṣọ àdìrẹ yìí nu mọ́tò mi láàárọ̀, kó sún mọ́ iwájú. Mi ò bínú. Bójú mi ṣe máa ń rí nìyẹn.

Ìyá tó bí màmá mi ló ni aṣọ náà. Ìyá Tíṣà ni gbogbo àdúgbò Kémta ń pè wọ́n. Wọ́n kọ́ ọmọ, ọmọ yẹn dàgbà, ó bímọ, wọ́n tún kọ́ ìyẹn náà. Tí wọ́n bá pàdé ẹ lọ́nà, wọ́n á yẹ èékánná ẹ wò kí wọ́n tó dáhùn ìkíni ẹ. Èmi tí mo ti ń fá irùngbọ̀n, wọ́n ń yẹ tèmi wò. Ta ló ń yẹ èékánná yín wò lónìí? Èékánná tiyín gan-an, rírà lẹ rà á.

Ẹ gbọ́. Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì wọn, Ṣìdí. Aláró ni ìyá rẹ̀, aláró ni ìyá ìyá rẹ̀. Orí ọmọ náà pé. Ìyá Tíṣà ní látìgbà tí àwọn ti ń di ṣọ́ọ̀kì mú, àwọn ò tíì rí irú ẹ̀. Ó wá ku ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n ṣe ìdánwò àtiwọ girama, Ṣìdí ò wá sílé ìwé mọ́. Ìyá Tíṣà mú mi dání, ó di agbo ilé wọn.

Ìyá Ṣìdí ò bá wa jà. Wọ́n gbé àga fún wa. Wọ́n ní ẹ̀yìn ń dun àwọn, àwọn ò lè bẹ̀rẹ̀ sórí ìkòkò aró, bẹ́ẹ̀ oníbàárà tó fẹ́ ta aṣọ fún Iléyá ń bọ̀ wá kó ẹrù ní ọjọ́ Àìkú. Sátidé tí ìdánwò bọ́ sí gan-an ni aṣọ gbọ́dọ̀ wọ aró. Tí Ṣìdí bá lọ, ta ló máa rẹ ẹ́?

Ìyá Tíṣà ní, "Èmi."

Ìyá Ṣìdí rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ẹ̀yìn wọn mú. "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́. Ọwọ́ ṣọ́ọ̀kì lọwọ́ yín."

"Kọ́ mi. Èmi náà ti kọ́ olódo rí."

Wọ́n wá ṣe àdéhùn. Ìyá Ṣìdí á máa kọ́ wọn nírọ̀lẹ́, láti ọjọ́ Ajé. Ṣùgbọ́n tí aṣọ kan ṣoṣo bá bàjẹ́ ní Sátidé, wọ́n á ránṣẹ́ lọ pe Ṣìdí jáde nínú ìdánwò, kó wá parí iṣẹ́ ìyá rẹ̀.

Ẹ̀yin tó jẹ́ pé orí fóònù lẹ ti ń ra aṣọ, ẹ ò lè mọ̀. Ìyẹ́ adìẹ ni wọ́n fi ń kọ ọnà sára aṣọ funfun, pẹ̀lú ẹ̀kọ láfún. Tó bá gbẹ, wọ́n á rì í sínú aró, wọ́n á sá a, wọ́n á tún rì í. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró ò ní débẹ̀. Ibi tí ẹ̀kọ bá ti ṣí... ó parí.

Nígbà tó fi di Ọjọ́rú, ọwọ́ Ìyá Tíṣà ti dúdú dé ìgúnpá. Mo gbé oúnjẹ lọ fún wọn níléèwé, hẹdimásítà wọn dá mi dúró, bàbá kan tó máa ń fajú ro bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu àgbo. Wọ́n ní, kí ló ṣe ìyá yín lọ́wọ́? Mo ní, "Àrùn ni, sà. Ẹni tó bá ń bínú nìkan ló ń ràn."

Bàbá náà rẹ́rìn-ín mọ́ gbogbo ayé títí di ọjọ́ Ẹtì. Wọ́n kí ewúrẹ́.

Nígbà tí Ìyá Tíṣà gbọ́, wọn ò nà mí. Wọ́n ní, "Ó dáa, Dókítà. Wàá bá mi sá aṣọ ní Sátidé."

Sátidé dé. Ṣìdí mú pẹ́ńsù rẹ̀, ó lọ. Àwa náà bẹ̀rẹ̀. Aṣọ kìíní dáa, èkejì dáa, a ń bá a bọ̀. Ó wá ku ọ̀kan. Ìlà ẹ̀kọ kan wọ́ lára rẹ̀, funfun, tín-ín-rín, bí ìlà ṣọ́ọ̀kì. Mo rí i tí ọwọ́ Ìyá Tíṣà gbéra. Wọn ò rò ó o. Ọwọ́ tó ti ń nu pátákó látọjọ́ tí wọ́n ti wà ní wúńdíá, ó kàn nù ún ni. Pẹlẹbẹ, látòkè dé ìsàlẹ̀, pẹ̀lú aró tó ń kán lára rẹ̀.

Wọ́n wo ọwọ́ náà bí ẹni pé ti ẹlòmíì ni.

Ìyá Ṣìdí wà nínú yàrá, wọ́n dùbúlẹ̀ sórí ẹní. Mo rọra sọ pé ká ká a mọ́ àárín àwọn yòókù. Kí wọ́n tó tú u wò, Ṣìdí á ti parí ìdánwò.

Ìyá Tíṣà ní, "Ọmọ tí mo kọ́ pé kó má ṣe màgòmágó ló jókòó síbẹ̀ yẹn. Ṣé kí èmi wá máa ṣe é níbí?"

Wọ́n gbé aṣọ tútù náà, ó di ẹnu ọ̀nà yàrá. "Ìyá Ṣìdí, mo ti ba ọ̀kan jẹ́. Ọwọ́ mi ni, kì í ṣe ọwọ́ ọmọ yìí."

Ẹ wò ó, wọn ì bá ní èmi ni. Gbogbo ayé ni ì bá gbà. Èmi gan-an ì bá gbà.

Ìyá Ṣìdí dìde jókòó. Wọ́n na aṣọ náà wò, wọ́n yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Mo ń wo bàtà mi, torí mo mọ̀ pé èmi ni wọ́n máa rán lọ pe Ṣìdí.

"Tíṣà," wọ́n ní, "mẹ́rin ni Ṣìdí bà jẹ́ lóṣù tó kọjá. Ìwé ló ń kà lórí ìkòkò aró mi." Wọ́n tún wo aṣọ náà. "Ẹ jẹ́ kó jókòó síbi tó wà. Ẹ̀yin náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má padà wá bá mi ṣiṣẹ́ mọ́."

Wọ́n fi aṣọ náà ta Ìyá Tíṣà lọ́rẹ. Ìyá Tíṣà wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n jẹ́ kí ibi tó bàjẹ́ wà níwájú. Àwọn ẹgbẹ́ wọn ní ṣé wọn ò rí i ni? Wọ́n ní, "Àṣìṣe tèmi ni. Ta ni kó bá mi wọ̀ ọ́?"

Ṣìdí yege. Ó ti di hẹdimisirẹ́ẹ̀sì níléèwé kan lọ́nà Òṣíẹ̀lẹ̀. Lọ́jọ́ tá a sin Ìyá Tíṣà, ó wá. Mo na ọwọ́ sí i, èmi bàbá ọlọ́mọ, mo wọ agbádá. Ó gba ọwọ́ náà, ó yí i padà, ó yẹ èékánná mi wò.

Ayé ti yí, ẹ̀yin ọmọ mi. Tíṣà kan rí i pé akẹ́kọ̀ọ́ òun ò wá, ó wọ́ ẹsẹ̀ lọ sílé wọn, ó ki ọwọ́ bọ aró nítorí rẹ̀... hmm. Inú ẹbí yìí nirú wọn ti jáde.

Ó dáa. Ẹni tó fi nu mọ́tò, dìde. Omi tútù, ọṣẹ dúdú, ọwọ́ ẹ méjèèjì. Abẹ́ ibòji ni kó o sá a sí. Tó o bá ṣe tán, wá síbí, kí n wo èékánná ẹ.