Nọ́ńbà Tí Mo Bẹ Ọlọ́run Pé Kó Bá Mi Fà Wálẹ̀

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, mo kí yín o. Ẹ jẹ́ kí n yáa kọ́kọ́ dúpẹ́, kí ọ̀rọ̀ tó dà rú mọ́ mi lẹ́nu, torí ó máa dà rú. Bàbá, ẹ ṣé o! Ẹ ṣé tí ẹ kò fi ojú mi sunkún!

Arábìnrin Yínká ni mí, nínú ẹgbẹ́ akọrin. Púpọ̀ nínú yín ló ti bi mí rí pé, "Sísítà, iṣẹ́ wo gan-an lẹ̀ ń ṣe lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn ní Bẹẹrẹ?" Ẹ̀rín ni mo máa ń rín. Lónìí, màá sọ ọ́.

Afẹ́fẹ́ ni mo ń wọ̀n. Gáàsì kan wà tí wọ́n ń pè ní mẹ́tẹ́ènì, ẹ ò lè fojú rí i. Èyí tó ń jáde látinú gọ́tà àti ìdọ̀tí tó ń jẹrà, ó fúyẹ́. Èyí tí wọ́n ń fà látabẹ́ ilẹ̀, níbi tí epo rọ̀bì wà, ó wúwo jù ú lọ, ṣùgbọ́n díẹ̀ báyìí ni. Ẹ̀rọ wa ló mọ ìyàtọ̀ wọn. Àmọ́ ẹ̀rọ náà lè ṣìnà, bí òṣùwọ̀n inú ọjà ṣe ń ṣìnà. Ìdí nìyẹn tí a fi ní sílíńdà kan tí wọ́n ti kọ ìwọ̀n gáàsì inú rẹ̀ sí i lára. Màá fún ẹ̀rọ ní díẹ̀ níbẹ̀, màá wo ohun tó máa sọ. Bí ohun tó sọ bá bá ti ara sílíńdà mu, a jẹ́ pé a lè gbà á gbọ́. Bí kò bá bá a mu, màá tún un ṣe. Iṣẹ́ mi nìyẹn.

Òjò ọdún yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni wàhálà dé. Láago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ kan, nọ́ńbà ojú ẹ̀rọ fò sókè. Afẹ́fẹ́ wúwo bíi pé wọ́n ń wa epo lẹ́yìnkùlé wa! Bẹ́ẹ̀, gọ́tà ló wà lẹ́yìnkùlé wa, ẹ sì mọ òórùn gọ́tà Bẹẹrẹ. Mo pa ẹ̀rọ, mo tàn án. Mo fún un ní gáàsì sílíńdà, ó sọ òtítọ́. Mo dá a padà sí afẹ́fẹ́ ìta, ó tún fò. Ha! Nígbà tó di ọ̀sán, nọ́ńbà rọra wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, láago mẹ́sàn-án, ó tún fò. Lọ́jọ́ kẹta, bákan náà. Ọjọ́ Jímọ̀ dé, kò fò rárá! Mo dúró níwájú ẹ̀rọ, mo ní, "Ìwọ ẹ̀rọ yìí, ṣé o ti ń lọ kírun ni?"

Orí mi dà rú. Mo ń kọ orin níbí, nọ́ńbà ni mo ń rí lójú ìwé orin. Mo bu iyọ̀ sí tíì. Ọ̀gá mi pè mí, inú ń bí i. Ó ní, "Yínká, gáàsì gọ́tà kì í wúwo. Ìwọ lo ba ẹ̀rọ yẹn jẹ́. Tún un wọ̀n lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí kò bá yí padà, yọ àléébù náà kúrò nínú ìṣirò, kí nọ́ńbà bá ti gọ́tà mu. Bí o kò bá lè ṣe é, màá wá ẹlòmíràn."

Mo gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Mo fi òróró pa ẹ̀rọ lára, ẹ má rẹ́rìn-ín. Àdúrà kan ṣoṣo ni mo ń gbà: Bàbá, ẹ bá mi fa nọ́ńbà yìí wálẹ̀. Láràárọ̀, ó ṣì ń fò. Mo bínú sí Ọlọ́run, kó dárí jì mí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, mo fẹ́ ṣe bí ọ̀gá ṣe wí, kí n kọ́kọ́ fi gáàsì sílíńdà dán ẹ̀rọ wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Nọ́ọ̀tì ẹnu sílíńdà kọ̀, kò tú. Mo fi gbogbo agbára mi tú u, sípánà yọ̀, ó bó mi lọ́wọ́. Mo bá sọ̀ kalẹ̀, mo gba ẹ̀yìnkùlé tí mi ò kì í gbà, pé bóyá màá rí sípánà mìíràn yá.

Bàbá Ráfíù ni mo bá níbẹ̀, awakọ̀ tó ń gbé lágbo ilé kejì. Ó páàkì bọ́ọ̀sì rẹ̀ sábẹ́ páànù, lára ògiri wa, gẹ́lẹ́ nísàlẹ̀ ibi tí páìpù ẹ̀rọ wa ti ń fa afẹ́fẹ́. Bọ́ọ̀sì náà kò lo pẹtiróòlù mọ́, gáàsì ni wọ́n yí i sí. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ mẹ́ta ń sùn nínú rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ráfíù, ń to igi sábẹ́ ìkòkò ọṣẹ dúdú. Ìta gbangba ló ti máa ń se ọṣẹ, òjò ló lé e wọ abẹ́ páànù lọ́jọ́ yẹn.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ yá sípánà."

"Ẹnjiníà wa! Ó wà lábẹ́ síìtì. Ẹ tiẹ̀ bá mi wò ó, kí ló ń jẹ gáàsì mi? Bí mo bá rà á kún, kó tó di ọ̀sán, ó ti dín. Mẹkáníìkì ní ojú mi ló ń tàn mí."

"Látìgbà wo, sà?"

"Látìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, tí mo ti ń páàkì síbí. Aago mẹ́sàn-án ni mo máa ń dé wá sinmi títí di ọ̀sán."

Mo gbàgbé sípánà. "Ọjọ́ Jímọ̀ ńkọ́?"

"Jímọ̀ kẹ̀? Iwájú mọ́sáláásí ni mo máa ń páàkì sí ní Jímọ̀."

Jésù! Gáàsì abẹ́ ilẹ̀ ló wà nínú bọ́ọ̀sì yẹn, òun ni ẹ̀rọ mi ń rí! Mo wẹ̀yìn, Ìyá Ráfíù ti mú ìṣáná jáde nínú páálí.

"Màmá, ẹ má ṣá a! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣá a!"

Ó wò mí tìyanu-tìyanu. "Kí ló dé? Ṣé ẹ̀yin oníṣọ́ọ̀ṣì ò fẹ́ ká se ọṣẹ mọ́ ni?"

Mo ti ń gbé ọmọ jáde. Nígbà tí àwọn ọmọ dé ìta tán, mo ní kí màmá bá mi po ọṣẹ rẹ̀ díẹ̀ mọ́ omi. A dà á sí oríkèé páìpù gáàsì bọ́ọ̀sì náà. Ẹ̀yin ará, ó ń hó kùṣùkùṣù bí ẹ̀wà lórí iná, gáàsì ń jò! Òórùn rẹ̀ wà níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí, gọ́tà la rò pé ó ń rùn. Ọwọ́ la fi ti bọ́ọ̀sì náà lọ sí gbangba, a ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan iná, títí àwọn tó mọ iṣẹ́ fi wá pààrọ̀ oríkèé tó sán.

Láago mẹ́sàn-án ọjọ́ kejì, nọ́ńbà kò fò. Mo pe ọ̀gá mi, mo rò fún un. Ó wá ní, "Má yí ohunkóhun padà."

Ẹ bá mi wò ó o. Nọ́ọ̀tì tó kọ̀ yẹn, ọwọ́ lásán ni mo fi tú u lọ́jọ́ kejì. Kí ló dì í mú? Mi ò mọ̀. Àdúrà tí mo fi ààwẹ̀ gbà, bí Ọlọ́run bá gbọ́ ọ, tó fa nọ́ńbà wálẹ̀ lójú mi, kí ni ǹ bá wá sọ fún yín lónìí? Bó bá sì jẹ́ pé ó fẹ́ kìlọ̀ fún mi, kí ló dé tí kò kúkú là á mọ́lẹ̀? Mo ti rò ó títí, orí ń fọ́ mi.

Ìyá Ráfíù jókòó lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Ó ní òun wá gbọ́ bóyá màá sọ ọ́ bó ṣe rí. Màmá, ṣé bó ṣe rí nìyẹn? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni! Àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà nìyẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ń jẹ bísíkíìtì.

Ẹ dìde, ẹ̀yin èèyàn Ọlọ́run. Ẹni tí kò bá yé, kó má dúró dìgbà tó máa yé e. Èmi náà, kò tíì yé mi, mo sì ti ń jó. Ògo ni fún Ọlọ́run, ẹ bá mi gbe orin!