Mo Ń Tẹ̀lé Àwọn Ará Abẹ́ Ìràwé Lọ sí Àjàṣẹ́

Bàbá wa Ignace, olórí abúlé Kpingni, ẹ̀yin tí ẹ jókòó sí ipò alága lónìí, mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ̀yin bàbá tí ẹ sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè, ẹ̀yin ìyá tí ẹ fi oko sílẹ̀ nítorí ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, n kò tíì dìde lórí ìkúnlẹ̀. Fadá wa, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Bàbá Ràmọ́nù oníbùtíìkì, ẹ̀yin tí ẹ ti ìlẹ̀kùn yín ní Dásà nítorí tèmi, Ọlọ́run á bá yín ṣí i síbi ọ̀pọ̀ oníbàárà. Mèsíyè Nicolas, olùkọ́ wa, ẹ kú ìfaradà. Ọ̀gá Théodore, àlejò wa tí ó ti di ará ilé, mo kí yín. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ gun àpáta jókòó bí ọ̀bọ, mo rí yín. Ìyá Àgbà mi, Ìyá Marguerite, mo fi tiyín sí ìkẹyìn nítorí pé ọwọ́ yín ni ọ̀rọ̀ wà. Gbogbo yín pátá, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀yin tí mo lè pè ní tèmi.

Ìràwé kì í dájọ́ ilẹ̀ kó sùn sókè. Ọjọ́ tí a dá ti pé. Ọkọ̀ ojú irin á kọjá ní Dásà lọ́la, Ọ̀gá Théodore á wọ̀ ọ́ pẹ̀lú àpótí ìgò wọn, wọ́n sì ní kí èmi náà bá wọn lọ sí Àjàṣẹ́, kí n lọ máa ṣa kòkòrò lábẹ́ mikroskóòpù, ìyẹn awò kan tí ń sọ ohun tí ojú kò rí di ńlá bí ewúrẹ́. Ẹ ti ń kí mi pé ó dìgbóṣe. Ẹ ṣé, ṣùgbọ́n ẹ dúró díẹ̀ ná, nítorí lílọ náà kò tíì dájú. Ìyá Àgbà kò tíì fún mi láyè.

Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Wọ́n ní: "Martine, ilé ìwé, o fi í sílẹ̀. Aṣọ rírán lọ́dọ̀ Dorothée, o fi í sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ Fadá, wọ́n bá ọ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì níbi tí o ti ń sín Fadá jẹ fún àwọn ewúrẹ́. Ohun kan ṣoṣo tí o kì í fi sílẹ̀ ni kí o máa sín èèyàn jẹ. Bí o bá dé Àjàṣẹ́ tí o tún fi iṣẹ́ àwọn èèyàn yẹn sílẹ̀, ojú ta ni yóò gbà á tì? Ojú mi ni. Ó dára. Dúró níwájú àwùjọ, kí o sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí o má sín ẹnikẹ́ni jẹ. Bí o bá ṣe é, màá mọ̀ pé o lè gbájú mọ́ nǹkan. Bí o bá sín ẹnì kan péré, tú ẹrù rẹ." Bàbá Ignace ní ìdájọ́ náà dára. Ta ni èmi tí màá pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn?

Nítorí náà, ohùn tí ẹ ń gbọ́ yìí, ohùn èmi Martine fúnra mi ni. Ó tín-ín-rín, àbí? Ó ya èmi náà lẹ́nu.

Lambert, mo gbọ́ ọ. Ẹ gbọ́ ohun tó ń pè láti orí àpáta: "Martine, ṣe Mèsíyè Nicolas fún wa, ẹ̀ẹ̀kan péré." Lambert, ọmọ ìyá mi, ìwọ ni o fẹ́ kí n tú ẹrù. N kò dá ọ lóhùn.

Mèsíyè Nicolas ni ọpẹ́ mi kọ́kọ́ kàn, nítorí ẹgba wọn ló gbé mi dé ibi tí mo dé. Ẹ mọ̀ pé bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti dá, àwọn kòkòrò pupa kan á yọ sórí iyanrìn, wọ́n á rọ̀ múlọ́múlọ́ bí aṣọ àrán. Kò sí ọmọ Kpingni tí kò tíì fi wọ́n ṣeré. Èmi ṣa tèmi kún ọwọ́, mo kó wọn sínú àpótí ẹfun ìkọ̀wé. Mèsíyè Nicolas nawọ́ mú ẹfun, ẹfun ń rìn. Ohun tí wọ́n sọ ní èdè Faransé lọ́jọ́ náà, n kò ní tún un sọ, nítorí Fadá. Ọwọ́ wọn lọ síbi gíláàsì ojú wọn, ẹ mọ bó ṣe máa ń... Ẹ wo ọwọ́ tèmi náà, ó ti fẹ́ gòkè. Mo ti ká a sẹ́yìn. Ìyá Àgbà, ẹ rí i pé mo ká a sẹ́yìn.

Wọ́n nà mí, ó sì tọ́ sí mi. Ibi tí wọ́n ti ń nà mí lọ́wọ́ ni àlejò tó wọ̀ sílé wọn ti yọjú lójú fèrèsé: "Ọmọ yìí, níbo ni o ti rí wọn? Ṣé wọ́n pọ̀ níbẹ̀?" Mo ní, "Wọ́n pọ̀, Ọ̀gá, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n nà mí tán ná." Bí mo ṣe mọ Ọ̀gá Théodore nìyẹn, tí mo sì di ọmọọṣẹ́ wọn nídìí ìwádìí kòkòrò tí wọ́n torí rẹ̀ ti Àjàṣẹ́ wá.

Àwọn ni wọ́n sọ fún mi pé àkàríẹ̀n ni kòkòrò aláràn-án yẹn ń jẹ́, pé ẹsẹ̀ mẹ́jọ ló ní bíi ti aláǹtakùn, àti pé ìdí tó fi ń bá òjò àkọ́rọ̀ jáde ni pé ìgbà náà ni ikán abìyẹ́ tí àwa náà ń dín jẹ máa ń fò, òun náà ń wá tirẹ̀ jẹ. Wọ́n ní ẹbí rẹ̀ pọ̀ lábẹ́ ìràwé, àwọn tó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí odindi agbo wọn lè jókòó sórí èékánná. Eégbọn ara ajá wà nínú ẹbí náà. Èyí tó ń fa kúrúnà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìgbà tí àwọn ìyá wa gbọ́ ti kúrúnà, ẹ rántí bí gbogbo wọn ṣe sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí ìjókòó ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n ilé wo ni kò ní olè kan? Ṣé a ó torí rẹ̀ lé gbogbo ẹbí jáde?

Iṣẹ́ náà kò ṣòro láti sọ. A ó bu ìràwé pẹ̀lú erùpẹ̀ sínú àrọ onípáànù tó ní àwọ̀n, a ó gbé àtùpà kọ́ sókè rẹ̀, a ó gbé ìgò sábẹ́. Ooru á máa gbẹ ìràwé láti òkè wá, àwọn ará abẹ́ ìràwé tí kò fẹ́ ooru á máa sá lọ sísàlẹ̀, títí wọ́n á fi já bọ́ sínú ìgò. Kí ló sì wà nínú ìgò? Sódàbì ni, ògógóró tiwa, kí wọ́n má bàa jẹrà. Ẹ̀yin èèyàn mi, sódàbì yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ ba orúkọ ọ̀gá mi jẹ́. Ẹ rí ọkùnrin tó ń ra ọtí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí kì í fún ẹnikẹ́ni mu. Fadá, ẹ má wolẹ̀, ṣé ẹ kò gbàdúrà lọ́jọ́ ìsinmi kan fún "àlejò wa tí ọtí ti mú nígbèkùn"? Ọ̀gá Théodore wà níbẹ̀, wọ́n sì ṣe Àmín pẹ̀lú gbogbo ọkàn wọn. Bàbá Ràmọ́nù ní tiwọn, wọ́n fà mí sí kọ̀rọ̀ bùtíìkì: "Martine, sọ òótọ́ fún mi. Àrọ tí ọ̀gá rẹ ń rà yìí, ṣé epo àtùpà ló fẹ́ máa tà ní Dásà? Kí n tètè mọ̀."

Síbẹ̀, ìgò ń ṣófo. Ẹ sún mọ́ mi, ibí ni ọ̀rọ̀ náà wà. Ọ̀gá Théodore ti ri èèkàn mọ́lẹ̀ ní ìdí òkè, wọ́n fi okùn pupa yí ibẹ̀ ká, wọ́n ní inú okùn yẹn ni a ó ti máa bu ìràwé. Bí a bá dé ibẹ̀, kò sí ìràwé. Ilẹ̀ mọ́ kedere bí àwo tí ọmọ tí ebi ń pa jẹun tán nínú rẹ̀. Wọ́n ní, "Afẹ́fẹ́ òkè yín mà le o." A bu erùpẹ̀ gbígbẹ, a tan àtùpà, a kò rí nǹkan kan. Àwọn àgbà ẹnu iṣẹ́ wọn ní Àjàṣẹ́ ránṣẹ́ pé bí ilẹ̀ òkè wa kò bá ní ohun alààyè nínú, kí wọ́n kó ẹrù wọn máa bọ̀.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan, a tètè jáde ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ta ni a bá nínú okùn? Ìyá Àgbà mi. Wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń gbálẹ̀, Dorothée tẹ̀lé wọn, ó ń wọ́n omi kí eruku má bàa sọ.

"Ẹ káàárọ̀ o," ni Ìyá Àgbà wí. "Ẹ má bínú, a kò tíì ṣe tán. Ẹ lọ jókòó ná."

"Mamá, kí lẹ ń ṣe níbẹ̀?"

"Ṣé ẹ rò pé a kò rí okùn tí ẹ ta ni? A mọ̀ pé ibẹ̀ lẹ máa ń dúró sí. Àlejò wa á wá máa dúró lórí pàǹtírí, ká máa wò ó? Ojú ilẹ̀ ni ojú onílé."

"Láti ìgbà wo, Mamá?"

"Láti ọjọ́ tí ẹ ti ta okùn."

Mo wo ọ̀gá mi. Ẹlòmíràn ì bá fi igbe ta. Àwọn, ńṣe ni ọrùn wọn wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ ra àtẹ́lẹwọ́. Gbogbo yín mọ ọrùn náà, n kò ní fi hàn yín. Wọ́n ní, "Mamá, ẹ ṣé. Ẹ ṣé gan-an. Ṣùgbọ́n ilé wọn lẹ ń gbá dànù."

"Ilé ta ni?"

"Àwọn kòkòrò tí mo wá bá."

Ìyá Àgbà na ẹ̀yìn. "Dorothée, ṣé o gbọ́? Ọmọ tó kàwé tó báyìí, a rò pé àwa ló wá kí."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìjọ̀ngbọ̀n yẹn ló di ire. Ọ̀gá Théodore ní, "Mamá, ẹ má dáwọ́ dúró. Ẹ máa gbá ibí yìí lọ. Màá ta okùn mìíràn lọ́hùn-ún. Ìyẹn ni kí ẹ má fọwọ́ kàn." Láti ọjọ́ náà ni ọwọ̀ Ìyá Àgbà ti di ara ìwádìí. Nígbà tí òjò rọ̀ dáadáa, ìgò ibi tí a kò gbá kún bí ẹni da ata gígún sínú rẹ̀. Ti ibi gbígbá, díẹ̀ díẹ̀ bí irùngbọ̀n Lambert. Ilẹ̀ ibi gbígbá le bí ojú ọ̀nà, ti ibi kejì dúdú, ó rọ̀. Àwọn ará abẹ́ ìràwé yìí ló ń rún ewé sí wẹ́wẹ́, tí wọ́n ń jẹ ibi tó ti bu lára rẹ̀, tí àwọn olú tíntín ń bá wọn ṣe é títí ewé fi ń padà di ilẹ̀ tí iṣu fẹ́ràn. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Ohun tó kù ni kí a mọ̀ wọ́n níkọ̀ọ̀kan: bí a bá dẹ́kun gbígbá, irú èyí wo ló ń kọ́kọ́ padà wálé, èwo ló ń ṣe ìkẹyìn? Àpótí ìgò yẹn ni ìdáhùn wà. Ẹnì kan ní láti jókòó kó wò wọ́n.

Ìyá Àgbà, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀ wàyí. Òótọ́ ni gbogbo ohun tí ẹ kà sí mi lẹ́sẹ̀. Mo fi ilé ìwé sílẹ̀. Mo rán apá aṣọ Dorothée pọ̀ mọ́ ọrùn rẹ̀. Ọgbọ́n mi kò dọ́gba, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí Ọ̀gá Théodore gbé awò náà ka iwájú mi, mo wò ó títí oúnjẹ mi fi tutù. Mo rí ọ̀kan tí ń gbé ẹsẹ̀ gátagàta bíi... rárá, n kò ní sọ ẹni tó ń rìn bẹ́ẹ̀, alága wa ni. Mo rí òmíràn tó ká ara rẹ̀ mọ́nú bí ìgbín nítorí ìbẹ̀rù. Ẹ rò ó wò: ẹni tó ń sín èèyàn jẹ, kí ló kọ́kọ́ ń ṣe? Ó ń wò ni. Ó ń wò ó kínníkínní, ibi tí ẹlòmíràn ti gbójú kúrò, ojú rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ojú tí mo fi ń wo ìrìn yín láti kékeré ni mo fẹ́ lọ fi wo ìrìn tiwọn. Iṣẹ́ yìí kò dà bí àwọn tí mo fi sílẹ̀, nítorí pé òun kò fẹ́ kí n gbójú kúrò. Mo ti sọ̀rọ̀ dé òpin, n kò sín ẹnikẹ́ni jẹ. Ẹ bá mi sọ nǹkan.

Ẹ dákẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́ lórí àpáta. Ìyá Àgbà ti dìde.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn tí ẹ kò rí wọn, ẹ jẹ́ kí n máa sọ ọ́ fún yín. Wọ́n tún ìró wọn ró. Wọ́n ń bọ̀ wá sí iwájú. Wọ́n dúró ti Ọ̀gá Théodore, wọn kò wò mí rárá. Ọrùn wọn... ẹ̀yin èèyàn mi, ọrùn wọn ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ ra àtẹ́lẹwọ́. Ẹ gbọ́ ohùn yẹn, ohùn Ìyá Àgbà kọ́ nìyẹn, ohùn Àjàṣẹ́ gan-an ni: "Mamá, ẹ dákun. Mamá, ẹ ṣàánú mi. Ẹ fún mi ní ọmọ yìí kí n mú un lọ." Wọ́n ti yí sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Wọ́n ti na ẹ̀yìn, ohùn wọn ti padà: "Mú un lọ. Bí iṣu tuntun bá jáde, kí o dá a padà wá kí mi."

Fadá ti fi ìwé àdúrà bo ojú. Bàbá Ignace ń fi aṣọ nu omijé ẹ̀rín. Ọ̀gá Théodore, ọrùn yín ṣì wọ́, ẹ tún un ṣe.

Ẹ bá mi jẹ́rìí níbikíbi tí wọ́n bá ti bi yín: èmi kọ́ ni mo sín èèyàn jẹ lónìí.

Mo ń lọ. Kí òjò má ṣe fo oko yín. Kí iṣu yín ta tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ ó fi máa wá ẹni tí yóò bá yín gbé e. Kí àlejò tó bá wọ Kpingni bá yín láyọ̀. Kí ẹ̀mí Ìyá Àgbà gùn, kí n padà bá wọn lórí ìdúró, kí wọ́n sì bá èmi náà lórí iṣẹ́. Ẹ ṣé, ẹ̀yin ará orí òkè. Ẹ ṣé, ẹ̀yin ará ìsàlẹ̀. Ẹ ṣé o, ó dìgbà iṣu tuntun.