Mùfútàù Sáré Kọjá Ọmọ Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kò pọ̀, ẹ̀yin ìjọ Ànábì, àti ẹ̀yin àlejò wa tí kì í ṣe Mùsùlùmí: sàdáákà tó bá fo ilé ẹni kó tó dé ìta, ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun, kí ìkẹ́ àti ọlà máa bá a, ló ní ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tí bùkátà wọn wà lọ́rùn wa. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ojú mi rí.

Mùfútàù, olùkọ́ eré ìdárayá kan ní Ìwó, dìde ní mọ́ṣáláṣí wa lọ́jọ́ Jímọ̀ kan. Ó ní òun fẹ́ sáré ẹlẹ́mìí ẹṣin láti Ìwó dé Òṣogbo, kí àwọn èèyàn lè dáwó fún ilé ìtọ́jú àwọn ọmọ tó jẹ́ àkàndá ẹ̀dá. Ta ni kò ní ṣàmín sírú ẹ̀? Èmi fúnra mi ni mo wa mọ́tò tẹ̀lé e, pẹ̀lú omi àti aṣọ ìnura.

Ó sáré, ká má purọ́ mọ́ ọn. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bó, kò dúró. Nígbà tó ku díẹ̀ ká wọ Òṣogbo, a dé iwájú ìsọ̀ aránṣọ kan. Ọmọbìnrin bí ọmọ ọdún mẹ́wàá jókòó sórí ẹní níbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tín-ín-rín. Ó na ọ̀rá omi tútù kan síta.

Ó ní, "Bàbá mi, ẹ gba omi."

Mùfútàù wò ó. Ó wo obìnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ló bá gbójú kúrò, ó sáré lọ.

Mo rò pé ọmọ náà kàn ń bọ̀wọ̀ fún àgbà ni. Mo sọ̀kalẹ̀ láti dúpẹ́. Àfi bí mo ṣe rí ìyá rẹ̀: Ṣìfáwù ni, ìyàwó Mùfútàù.

Ó ní, "Àáfà, ẹ̀yin lẹ so yìgì wa. Nígbà tí ẹsẹ̀ Àwáwù kò gbé e, bàbá rẹ̀ ní wọn kì í bí irú ẹ̀ nílé àwọn. Ó lé wa. Ọdún kẹsàn-án rèé. Àná lọmọ rí fọ́tò bàbá rẹ̀ lára pósítà eré yìí, ó ní òun á fún un lómi."

Mùfútàù ti sọ fún mi pé ìyàwó òun lọ tọ́jú ìyá rẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án. Èmi tí mo so yìgì, mo bi í lẹ́ẹ̀kan, n kò bi í mọ́. Ẹ má yọ mí kúrò nínú ẹ̀bi yẹn.

Mo gbé wọn sínú mọ́tò. Nígbà tí a dé pápá tí eré náà parí sí, wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́ fún un. Hájíà Kúbúrá tó dá ilé ìtọ́jú náà sílẹ̀, tí òun náà ń lo àga oníkẹ̀kẹ́, ti mú àmì ẹ̀yẹ dání. Mo gbé Àwáwù síwájú wọn. Hájíà bi í pé, "Tíṣà, ọmọ ta nìyí?"

Ṣé ẹ mọ ohun tó sọ?

"N ò mọ̀ ọ́n rí, Hájíà."

Subuhana Llahi. Òógùn eré ṣì ń kán lára rẹ̀. Ọmọ náà kò ké. Ọrùn mi tó fojú pamọ́ sí ló rin fún omijé.

Hájíà gbé àmì ẹ̀yẹ náà lé itan ara rẹ̀. Ó ní, "Owó táwọn èèyàn dá, a gbà á, tiwọn ni. Ọmọ yìí náà, a gbà á. Ẹ máa lọ sílé, Tíṣà."

Nígbà tó di oṣù kẹta lẹ́yìn eré náà, Mùfútàù wá bá mi, ó ti rù. Ó ní kí n bá òun bẹ̀bẹ̀. A lọ sílé Ṣìfáwù. Ṣìfáwù ní kó bá ọmọ sọ̀rọ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú rẹ̀.

Àwáwù ló bi í pé, "Lọ́jọ́ tí mo pè yín, ṣé ẹ ò gbọ́ ni?"

Ó ní, "Mo gbọ́."

Ọmọ náà yí àga oníkẹ̀kẹ́ tí Hájíà fún un padà, ó wọlé. Títí dòní, wọ́n ń gba owó oúnjẹ lọ́wọ́ Mùfútàù, ṣùgbọ́n Àwáwù kò pè é ní bàbá mọ́.

Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́nì, ta lẹ fi pamọ́ sí yàrá ẹ̀yìn? Ta lẹ béèrè lẹ́ẹ̀kan, tẹ́ ẹ wá dákẹ́? Ọlọ́hun Ọba, Ìwọ tó dá ẹsẹ̀ tó ń sáré àtèyí tí kì í rìn, fi wá mọ̀nà padà sọ́dọ̀ àwọn tí a sáré kọjá. Má jẹ̀ẹ́ kí iṣẹ́ rere wa jẹ́rìí takò wá lọ́jọ́ Àlùkìyáámọ̀. Àmín.