Ìlà Kan Nínú Ìwé Orin Tíṣà

Adébùnmi ìyàwó mi, àti ìwọ Ayọ̀ àbúrò rẹ̀, ẹ má tíì jẹ́ kí ẹni tó ń gbẹ́ òkúta bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí sàréè Màmá lọ́la. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ní kó gbẹ́ síbẹ̀, "Agnes kò ṣẹ̀ mí," tó fi orúkọ pe Màmá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ bàbá yín. Èmi ni mo kọ ọ́. Mo ti fi pamọ́ tó, ó tó gẹ́ẹ́.

Ẹ mọ iṣẹ́ mi, sísọ ohun tuntun di ògbólógbòó fún fíìmù. Kò sí ẹni tó ń ya fíìmù láti Ìkòtún dé Ẹ̀gbẹ́dá tí kò mọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìgàndó. Gbé àga tuntun wá fún mi lọ́jọ́ Ajé, tó bá fi máa di Jímọ̀, wàá búra pé bàbá ńlá ẹnìkan ló kú sórí rẹ̀. Mi ò fọ́nnu o, bó ṣe rí ni mo sọ.

Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, mo yá ìwé orin Tíṣà, bàbá yín, lọ́wọ́ Màmá fún fíìmù kan. Àbẹ́là ṣubú lé e, ó jó kanlẹ̀. Ìwé tí Màmá ń ṣí láràárọ̀ láti fi rántí ọkọ wọn, ojú wo ni mo fẹ́ fi wò wọ́n? Mo dúpẹ́ pé mo ti fi fóònù ya gbogbo ojú ewé rẹ̀. Mo ra tuntun, mo fi omi tíì pa á láró, mo sá a sórí páànù, mo fi sánpépà ha etí rẹ̀, mo fi ìpara kun ibi tí àtàǹpàkò Tíṣà máa ń wà. Gbogbo ohun tí wọ́n fi báírò pupa kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orin, mo tún un kọ bí ọwọ́ wọn gan-an. Tíṣà ì bá jí dìde, wọn ì bá pè é ní tiwọn.

Ibẹ̀ ló yẹ kí n dúró sí. Àmọ́ apá ibi tí orin ìsìnkú wà, tí Màmá kì í fẹ́ ṣí, mọ́ jù lójú mi, kò sí báírò pupa kankan níbẹ̀. Mo sì mọ ohun tó ń pa Màmá lẹ́kún, tí kì í jẹ́ kí wọ́n sùn lóru. Àárọ̀ ọjọ́ tí Tíṣà ṣubú kú síléèwé, àwọn méjèèjì ti jà. "Kò jẹ oúnjẹ mi, kò dárí jì mí, ó kàn gbé báàgì ẹ̀ lọ," báyìí ni wọ́n máa ń wí. Inú báàgì yẹn ni ìwé orin náà wà. Ni mo bá mú báírò, mo kọ ìlà yẹn. Mi ò ní purọ́ pé àánú nìkan ló ṣe mí. Mo fẹ́ kí iṣẹ́ mi pé ni.

Nígbà tí ọ̀rẹ́ Màmá kan kú, wọ́n ṣí ibẹ̀. Wọ́n pè mí. "Ọkọ Bùnmi, wá bá mi ka ibí yìí jàre, bóyá ojú mi ló ń tàn mí." Mo kà á. "Ọwọ́ Tíṣà nìyí, àbí?" Mo ní, "Ọwọ́ wọn ni, Mà." Ni wọ́n bá bú sẹ́kún. Ẹ wá gbọ́ èyí tó burú jù. Bí Màmá ṣe ń sunkún, ìwé ni mo tẹjú mọ́, bóyá omijé máa fọ báírò mi. Kò fọ̀ ọ́. Inú mi dùn.

Ẹ ka lẹ́tà yìí fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Kí wọ́n sọ àga di ògbólógbòó, kí wọ́n sọ aṣọ di àkísà, ṣùgbọ́n kí wọ́n má gba ẹnu òkú sọ̀rọ̀. Bùnmi, Ayọ̀, ẹ dárí ìwé tó jóná jì mí, ẹ dárí irọ́ tí mo pa fún ìyá yín jì mí. Láti ọjọ́ yẹn títí wọ́n fi kú, Màmá ń sùn mọ́jú. Ti oorun yẹn, mi ò ní lè bẹ̀bẹ̀.