Ìwà Fẹ́mi Ni Mo Fi Yin Délé

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. Bí mo bá jókòó, mo tún dìde. Obìnrin yẹn ń padà bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, ọkọ mi yóò sì gbọ́ ohun tí mo ṣe. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ fún yín ná.

Ìlọ́fà níbí ni à ń gbé. Délé, àkọ́bí mi, kì í sọ̀rọ̀. Ẹ pè é títí, kò ní wo ojú yín. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé àpótí ìjókòó kúrò ní àyè rẹ̀, á pariwo títí ilẹ̀ á fi ṣú. Obìnrin tí mo ń wí, olùkọ́ ni ní iléèwé kan ní Ìlọrin. Ó ní ọ́tísíìmù ni òyìnbó ń pe irú rẹ̀. Ó ń lọ kiri ilé irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ láti Èrúkù títí dé ọ̀dọ̀ wa, ó fẹ́ mọ̀ bóyá ilé tí wọ́n wà ń gbóná fún ìbínú àti èébú ni àbí ó tòrò.

Ó tan rẹ́kọ́dà. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ sọ irú ọmọ tí Délé jẹ́ fún mi, àti bí ẹ̀yin méjèèjì ṣe jọ ń gbé. Ohun tó bá ti wá sí yín lẹ́nu ni kí ẹ sọ."  Ó kàn ń wò mí.

Háà! Ohun tó wá sí mi lẹ́nu, ṣé ó ṣeé sọ fún àlejò? Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni mo fi ọmọorogùn na Délé, mo ní ì bá sàn kí n má bí i. Ìyá ọkọ mi sì ti ń sọ kiri pé ẹnu mi ló ba ọmọ náà jẹ́. Mo rò pé obìnrin náà wá dá mi lẹ́jọ́ ni.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀. Mo ní bí mo bá ti oko dé, Délé á sáré wá gba igi lórí mi. Mo ní á bu omi fún mi, á wá gbé orí lé itan mi. Irọ́ ni o! Fẹ́mi, àbúrò rẹ̀, ló ń ṣe gbogbo ìyẹn. Mo tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń sọ ọ́.

Inú obìnrin náà dùn. Ó ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ mi nìkan ni òun ń gbọ́, ohùn mi náà ni, ìfẹ́ sì kún inú rẹ̀. Ó ní ilé wa tòrò.

Ẹ jọ̀ọ́, n ò mọ̀ pé ilé tó ń gbóná ni wọ́n fẹ́ ràn lọ́wọ́. Ìyá kan ní Èrúkù sunkún sínú rẹ́kọ́dà, ó bú ọmọ rẹ̀, ó bú ara rẹ̀. Ọmọ tirẹ̀ ni wọ́n mú lọ sí iléèwé náà, wọ́n fi Délé sílẹ̀, wọ́n sì ń kọ́ ìyá náà bí yóò ṣe máa tọ́jú rẹ̀. Wọ́n ní ọmọ ọ̀hún ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ jẹun.

Ọkọ mi rò pé Ọlọ́run ni ò tíì gbà kí wọ́n mú Délé. Ààwẹ̀ ló ń gbà ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà, ó ti rù kan eegun. Bó bá dé, á ní kí n má bọ́hùn. Màá fẹ́ jẹ́wọ́, àmín ni màá kàn ṣe.

Obìnrin náà wá ránṣẹ́ pé òun ń mú kásẹ́ẹ̀tì náà bọ̀ kí bàbá Délé gbọ́ ọ, kí orí rẹ̀ lè wú. Kò ní gbọ́ jìnnà kó tó mọ̀ pé Fẹ́mi ni mò ń wí.

Délé ò ní ẹnu. Èmi ni wọ́n ní kí n bá a sọ tirẹ̀, ti ọmọ mìíràn ni mo sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n kúnlẹ̀ fún ọkọ mi lónìí ni, àbí kí n dúró kí ohùn ara mi jẹ́wọ́ fún un?